Obìnrin Tó Gba Ipò Lọ́wọ́ Ara Rẹ̀

Kí Ọlọ́run má ṣe fi olórí tó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ jẹ wá níyà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fi jẹ wá níyà tán, kí ó jọ̀wọ́ jẹ́ kí a rí ẹ̀rín díẹ̀ rín níbẹ̀. Àdúrà tí àwọn ará Dunmore Bend, ní ìpínlẹ̀ Ohio, máa ń gbà nìyẹn nígbàkigbà tí Olórí Ìlú wọn, Thurlow Haskett, bá dìde láti sọ ọ̀rọ̀ ṣókí. Ọ̀rọ̀ ṣókí Haskett a máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ bá ń hó, a sì máa parí nígbà tí ọ̀rá bá ti dì lójú rẹ̀.

Ọkùnrin náà sanra, irun orí rẹ̀ funfun, ó sì máa ń gbé àyà síwájú bí àkùkọ tó rò pé nítorí òun ni ilẹ̀ fi ń mọ́. Kì í dá wọ ibikíbi. Akọ̀wé rẹ̀, Dwight Kessler, ló máa ń ṣáájú, tí yóò sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n dìde. Iṣẹ́ ìwé kíkọ ni ìlú gba Kessler sí. Àtẹ́wọ́ ló ń pa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Haskett fẹ́ràn ju gbogbo ọ̀rọ̀ lọ. Bó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, bó wà ní ibi òkú, yóò ṣáà wá àyè fún un. "Èmi," yóò wí, "èmi kì í rí àwọ̀ o. Dúdú ni o, funfun ni o, èmi kì í rí i."

Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kì í rí àwọ̀ lóòótọ́. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé bí ènìyàn bá ti jẹ́ obìnrin dúdú, kì í rí ojú rẹ̀, kì í rí ìdúró rẹ̀, kì í sì í gbọ́ ohun tó bá sọ.

Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ méjì ló ń ṣiṣẹ́ nílé ìgbìmọ̀ ìlú. Vernell Pruitt ni ọ̀gá ẹ̀ka omi. Ẹnjiníà ni, ó ga bí òpó iná, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú mìnìjọ̀, ó sì gé irun rẹ̀ tó ti funfun mọ́lẹ̀. Lorraine Gaddis ní tirẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn onísọ́ọ̀bù ní ìwé àṣẹ. Ó kúrú, ó sanra, ó pọ́n bí oyin, ó ń lo awò ojú, irun dídì rẹ̀ sì gùn dé ìbàdí. Afọ́jú tó bá gbọ́ ìró bàtà wọn lásán yóò mọ èyí yàtọ̀ sí tọ̀hún. Haskett kò fọ́jú. Láti ọdún méjìlá tó ti gorí oyè, Vernell ló ń pe Lorraine, Lorraine ló ń pe Vernell, àfi ọjọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn jọjọ, tó máa ń pe àwọn méjèèjì ní Sheila. Kò sí Sheila kankan nílé iṣẹ́ náà.

Níbẹ̀rẹ̀, Vernell a máa tún un ṣe. "Vernell ni mí, sà."

"Mo mọ̀, Lorraine, mo mọ̀."

Lorraine ní tirẹ̀ kì í yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. "Bó bá pè mí ní Dwight pàápàá, màá jẹ́ ẹ," ló máa ń wí. "Iṣẹ́ ni mo wá ṣe níbí. Orúkọ mi wà nílé, ọkọ mi ló ń bá mi pè é."

Ṣùgbọ́n Vernell kì í lè gbé e jù sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Àlejò a wọ ọ́fíìsì rẹ̀, a bá a lórí àga rẹ̀, a sì bi í pé ọ̀gá dà. Nígbà tó rí i pé àlàyé ń gba àkókò, ó wá ọgbọ́n dá. Yóò ní, "Ẹ jókòó, ó ń bọ̀." Yóò jáde, yóò ka òkúta ara ògiri díẹ̀, yóò sì tún wọlé. "Ẹ káàárọ̀ o, èmi ni ọ̀gá." Àwọn kan tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó yára dé.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí jáde ni páìpù. Ní ìsàlẹ̀ odò, ní Sawyer Street, níbi tí àwọn ènìyàn dúdú ìlú náà ti ń gbé láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ irin ti wà, omi ẹ̀rọ pọ́n bí tíì tí wọ́n gbàgbé sínú ife. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ kékeré kan wò níbẹ̀, Kezia, ọmọ-ọmọ Màmá Earlene Tibbs, wọ́n sì rí òjé, májèlé tó ń ti ara páìpù àtijọ́ jáde, nínú rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n pààrọ̀ páìpù. Ṣùgbọ́n Haskett ti ní ohun mìíràn lọ́kàn: Ọgbà Ìṣọ̀kan. Ère idẹ ńlá ni yóò wà láàárín rẹ̀, ọwọ́ méjì tó di ara wọn mú. Èyí tó wà lókè jẹ́ ọwọ́ Haskett fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ère náà ti wá wọn ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀, wọ́n ní ti gbogbo ayé ni, nítorí náà wọn kò wọn ti ẹnikẹ́ni.

Vernell dìde ní ìpàdé. "Sà, ẹ jẹ́ ká tún páìpù ṣe ká tó gbin òdòdó. Omi yẹn ń ṣe àwọn ọmọ níjàǹbá."

Ẹnì kan wo ojú fèrèsé. Ẹnì kan wú ikọ́.

Nígbà tó ṣe, Gary Lindqvist gbọ́wọ́ sókè. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, Vernell ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ní, "Mo rò pé bóyá ká tún páìpù ṣe ná, ká tó gbin òdòdó?"

"Háà!" Haskett fọwọ́ lu tábìlì. "Ẹ gbọ́ làákàyè! Ẹ gbọ́ ọpọlọ!" Kessler pàtẹ́wọ́.

Etí Lindqvist pọ́n. "Sà, ohun tí Vernell ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ náà ni mo tún sọ."

"Ẹ tún wá ní ìrẹ̀lẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Lindqvist!" Kessler tún pàtẹ́wọ́. "A óò gbé ọ̀rọ̀ yín yẹ̀ wò bí ọgbà bá ti parí."

Ẹ̀yin náà á ti rí i: ọmọ àná ni Haskett ń sọ "ẹ" sí. Vernell, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ni "ìwọ" àti "ọmọbìnrin yìí".

Vernell kò jókòó. Pẹ̀lú ohùn tí ènìyàn fi ń ní kí wọ́n bá òun na iyọ̀, ó ní, "Kí ni ká wá sọ fún ìyá àwọn ọmọ náà, sà?"

Haskett fara ti àga. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, kí ló tún ń bí ọ nínú? Má pariwo mọ́ wa."

"Mi ò pariwo, sà."

"Ẹ ò rí bó ṣe ń pariwo!"

Kessler ní etí òun ti ń hó.

Ọjọ́ kejì ni Haskett pinnu pé ohùn obìnrin náà ti pọ̀ jù fún ìlú, kí ó máa lọ. Ó na aṣọ rẹ̀, ó ní, "Dwight, lọ pe obìnrin omi yẹn wá." Kessler jáde. Bí ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́, òun náà kò mọ èwo ni èwo. Ọdún pọ̀ tó ti ń gbà pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ lórí ohun gbogbo. Ẹni tó kọ́kọ́ pàdé lọ́nà ló mú wá. Lorraine ni, pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́.

"Vernell," ni Haskett bẹ̀rẹ̀, ó sì di ojú bí olùṣọ́-àgùntàn, "ìlú yìí dà bí ọkọ̀ ojú omi."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi kọ́ ni—"

"Má já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ìwà tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Mo ní ìlú yìí dà bí ọkọ̀. Èmi ni atukọ̀ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ni àjẹ̀. Àwọn ará ìlú ni ẹrù. Ìwọ, Vernell, ìwọ ni ihò."

"Sà, orúkọ mi—"

"Orúkọ rẹ kò ní parun. A óò ṣe àwo kékeré kan fún ọ, a óò kọ ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ."

Lorraine wo ọkùnrin náà títí. Ó mu kọfí díẹ̀. "Mo gbọ́, sà. Màá sọ fún Vernell."

Haskett mi orí tàánútàánú. "Ó dára. Ó dára kí ènìyàn máa bá ara rẹ̀ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀."

Lorraine bá Vernell níbi tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ ọ̀sán kaná. Ó ti ilẹ̀kùn. "Arábìnrin, wọ́n ti lé ọ lẹ́nu iṣẹ́ o. Èmi ni mo bá ọ gba ìbáwí ẹ̀, ó sì gùn."

Ó rò pé Vernell yóò rẹ́rìn-ín. Vernell kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìgò omi rẹ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n lé e ló dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ó ti ń retí ìyẹn. Ohun tó dùn ún ni pé wọn kò kà á sí tó ẹni tí wọ́n ń lé lójú ara rẹ̀. Ó rántí òtútù òwúrọ̀ tó ti wọ kòtò nítorí ìlú yìí, ó rántí ọjọ́ tí odò kún, tí òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sùn sínú ilé ẹ̀rọ.

"Níbo lò ń lọ?" ni Lorraine bi í.

"Mo fẹ́ lọ fi ojú mi hàn án. Bó bá máa lé mi, ojú mi ni kó máa wò."

Ó gun àtẹ̀gùn, ó kan ilẹ̀kùn, ó wọlé. Kó tó la ẹnu, Haskett ti dìde, ó na apá méjèèjì.

"Lorraine! Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ rí! Jókòó, jókòó. Mo ti lé Vernell."

Vernell dúró.

"Ó ní inú fùfù," ni Haskett ń wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ, ọmọ jẹ́jẹ́ ni ọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́, o ò fún mi ní wàhálà rí. Mo fẹ́ fi ọ́ ṣe ọ̀gá ẹ̀ka omi. Ìlú á rí i pé mo gbé obìnrin dúdú ga. Kì í ṣe pé mo rí i pé o dúdú o."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu obìnrin yìí tó lè wó ilé. Ó ti dé orí ahọ́n. Ṣùgbọ́n ó wo ọkùnrin náà, ó rí i tó ń rẹ́rìn-ín sí i láti ibi tí kò ju ọ̀pá kan lọ, inú rẹ̀ sì tutù lójijì bí omi tó ti tòrò.

"Ó dá yín lójú pé èmi ni ẹ fẹ́, sà?"

"Ta ló tún kù?"

"Ẹ mọ̀ mí dáadáa?"

"Lorraine! Ọdún méjìlá!"

"Ó dára. Páìpù Sawyer Street ńkọ́? Ṣé màá ní àṣẹ láti tún un ṣe?"

Haskett rẹ ohùn sílẹ̀. "Sọ pé wàá tún un ṣe. Sísọ kì í dun ẹnikẹ́ni. Owó rẹ̀ ti wọ inú ọgbà, ṣùgbọ́n ìyẹn wà láàárín èmi pẹ̀lú rẹ."

"Nígbà náà, ẹ bá mi sọ ọ́ lójú gbogbo ìlú, sà. Kí ẹ dá orúkọ òpópónà náà, kí ẹ ní mo ní àṣẹ kíkún. Àwọn ènìyàn wa á fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

"Lójú tẹlifíṣọ̀n!" ni Haskett wí. Òun náà ti rí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Lorraine ti ń dúró lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. "Kí ló ṣe fún ọ?"

"Ó fi mí sípò mi."

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rín tó bọ́ lẹ́nu wọn mú kí awò ojú Lorraine já bọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó, kò tíì sí ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ ara rẹ̀, tí wọ́n sì tún fi owó kún owó oṣù rẹ̀.

"Ṣé irọ́ kọ́ la ń pa báyìí?" ni Lorraine bi í nígbà tó nu ojú tán.

"Irọ́ wo? Ó lóun mọ̀ mí."

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí ọgbà dé. Àwọn ọmọ ilé ìwé fun fèrè idẹ. Àwọn obìnrin ìjọ Mount Nebo ń ta ẹja dídín sáàárín búrẹ́dì. Aṣọ funfun bo ère náà, ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n sì kọjú sí orí pèpéle, níbi tí Vernell dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Haskett nínú aṣọ àwọ̀ ewé tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ó ti kù díẹ̀ kí Haskett sọ̀rọ̀, Vernell fa ọwọ́ aṣọ rẹ̀.

"Sà, ẹ kọ́kọ́ wo ojú mi dáadáa."

Haskett gbá a léjìká pẹ́pẹ́. "Má bẹ̀rù, Lorraine. Mo wà níbí."

Vernell ti ṣe ti ọmọlúwàbí. Ó fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ènìyàn Dunmore Bend!" ni Haskett ké. "Kí n tó dé, kí ni ìlú yìí? Koríko ni! Àwọn odò ń ṣàn, ṣùgbọ́n ta ní ń darí wọn?" Kessler pàtẹ́wọ́ fún àwọn odò. Ó sọ̀rọ̀ títí ẹja fi tutù. Lẹ́yìn náà ló dé orí ọ̀rọ̀ omi. "Ẹ̀ka omi wa ti wà lọ́wọ́ oníjàgídíjàgan kan tó ń jẹ́ Vernell Pruitt. Mo ti lé e! Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n rí kò pàdánù ohunkóhun. Dípò rẹ̀ mo fi arábìnrin yìí, Lorraine Gaddis, tí mo mọ̀ bí ẹní mọ owó. Àṣẹ kíkún wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti òní, yóò sì bẹ̀rẹ̀ páìpù Sawyer Street lọ́jọ́ Ajé!"

Kessler nìkan ló pàtẹ́wọ́. Ó pa á díẹ̀, ó dáwọ́ dúró.

Màmá Earlene Tibbs wà lórí ìjókòó iwájú. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sì sí ẹni tí kì í pè lórúkọ ní Dunmore Bend. Ó tẹ ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dìde.

"Thurlow. Ta lo ní o lé?"

"Vernell Pruitt, màmá."

"Ta ló wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ yẹn?"

"Lorraine Gaddis ni."

"Ó ti o," ni ohùn kan wí láti ibi ẹja. Lorraine na ọwọ́ sókè, búrẹ́dì wà nínú rẹ̀. "Mo wà níbí, sà. Mo ń jẹun lọ́wọ́."

Haskett wo Lorraine. Ó wo Vernell. Ó tún wo Lorraine. Àwọn tó wà níwájú sọ pé àwọn rí ọpọlọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, pé ó dà bí ẹni tó ń ti ọkọ̀ tí kò ní epo. Níkẹyìn ó na ìka sí Lorraine, ó ní, "Ta wá ni Sheila?"

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tó ń fun fèrè kò lè fun ún mọ́. Haskett di gbohùngbohùn mú. "Ẹ gbọ́ mi! Èmi kì í rí àwọ̀! Ẹnikẹ́ni ló lè ṣi àwọn méjèèjì mú!" Ẹ wo obìnrin gíga tó dúdú, ẹ wo obìnrin kúkúrú tó pọ́n. Ẹ̀rín náà tún bẹ̀rẹ̀ lọ́tun.

Vernell rọra gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. "Orúkọ mi ni Vernell Pruitt. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olórí Ìlú fún ipò tó fún mi. Mo gbà á. Sawyer Street, ẹ wá omi pọn sílẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. A máa ti ẹ̀rọ lọ́jọ́ Ajé."

Kessler, tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára, pàtẹ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ìlú bá a pa á.

Láti ọjọ́ náà, ìlú kò jẹ́ kí Haskett gbádùn. Onígbàjámọ̀ kan tó ní irùngbọ̀n dé àyà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ó lẹ páálí kékeré mọ́ àyà, ó kọ LORRAINE sí i. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ń jẹ́ Lorraine, pásítọ̀ ń jẹ́ Lorraine. Haskett lọ sórí tẹlifíṣọ̀n láti fi hàn pé òun ti kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n gbé àwòrán kan síwájú rẹ̀. Ó wò ó fínnífínní, òógùn bò ó. "Vernell," ló wí, pẹ̀lú ìdánilójú. Àwòrán obìnrin tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ni.

Ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó páìpù. Òun fúnra rẹ̀ ló ti búra lójú ẹ̀rọ pé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò sì lè ní owó kò sí. Wọ́n dá ère padà fún ẹni tó ṣe é, wọ́n sì gba owó páìpù padà. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ti ń bá a rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ pípẹ́ ní àwọn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Gómìnà, tí Haskett ti ń pè ní àbúrò òun níbi gbogbo, ránṣẹ́ pé òun kò ní lè wá sí àsè Ọ̀gbẹ́ni Hackett mọ́.

Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ fẹ́ dìbò láti yọ ọ́, Haskett wá sí Sawyer Street. Katapílà ń gbẹ́ ilẹ̀, Vernell wà nínú kòtò pẹ̀lú Lindqvist, akoto wà lórí rẹ̀. Ọkùnrin náà rọra sọ̀ kalẹ̀ nínú bàtà dídán.

"Ẹ káàsán o," ló wí. Ó dá ẹnu dúró. Ó gbé orúkọ náà jáde bí ọmọdé tó ń gbé ife omi kíkún. "Vernell Pruitt."

Ọdún méjìlá ni etí rẹ̀ fi retí orúkọ yẹn lẹ́nu ọkùnrin yìí. Nígbà tó dé, ó dà bí oúnjẹ tí wọ́n gbé fún ẹni tí ebi ti pa títí tí ikùn rẹ̀ ti dákẹ́.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé àwàdà ni," ni Haskett bẹ̀bẹ̀. "Pé a jọ máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gba tiyín gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́."

"Kí lorúkọ ọmọ tí omi yìí ṣe lára?"

Haskett wo Lindqvist. Lindqvist wo ilẹ̀.

"Kezia ni," ni Vernell wí. "Ilé aláwọ̀ búlúù yẹn ló ń gbé. Òun àti ìyá rẹ̀ ni kí o lọ bẹ̀, Thurlow, kì í ṣe èmi. Ní báyìí, bọ́ kúrò lórí páìpù mi."

Ó bọ́ kúrò. Wọ́n rí i tó dúró níwájú ilé aláwọ̀ búlúù náà fún ìgbà díẹ̀. Kò kan ilẹ̀kùn. Ìgbìmọ̀ yọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Kessler sì pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó gba ipò rẹ̀. Mo gbọ́ pé Haskett wà ní Florida báyìí, tó ń ta ilẹ̀ fún àwọn arúgbó, àti pé gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló ń pè ní "ọ̀rẹ́ mi".

Nígbà tí páìpù tuntun dé ilé Màmá Earlene, Vernell fúnra rẹ̀ ló ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná. Ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ wúkọ́, ó pọ omi pupa, lẹ́yìn náà ni omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi mọ́ gaara. Vernell bu ife kan, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó nà án sí ìyá arúgbó náà.

Màmá Earlene kò gbà á. Ó ti ọwọ́ rẹ̀ bọ abẹ́ omi, ó wò ó bó ṣe ń ṣàn kọjá láàárín ìka rẹ̀.

"Ìwọ ni mo gbà gbọ́, Vernell," ló wí. "Ṣùgbọ́n jẹ́ kó ṣàn sí i díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ìlú yìí."

Vernell da ife náà nù, ó fa àga, ó jókòó tì í. Wọ́n jẹ́ kó máa ṣàn.